Ìdajì Ìtàn Ọjọ́ Ìbí Mi Tí N Kì Í Sọ

Bí àwa atukọ̀ tó ti fẹ̀yìntì bá péjọ, tí ìgò kìíní bá ti ṣí, ọ̀rọ̀ wa kì í ju méjì lọ: ọjọ́ ìbí ìgbà èwe wa, àti wàhálà tí a dá sílẹ̀ láwọn ìlú èbúté. Ẹnìkan á ní wọ́n kun òun ní ọ̀dà pupa láti orí dé ẹsẹ̀ lọ́jọ́ tí òun pé ogún ọdún. Ẹnìkan á ní òun jó títí òun fi jó wọnú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, díẹ̀ báyìí ló kù kí wọ́n gbé òun lọ síbi tí òun kò mọ̀. A ó rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa.

Lẹ́yìn náà, wọn á kọjú sí mi.

"Aláìlọ́jọ́, ó kàn ẹ́. Sọ ti ọjọ́ ìbí tí òkun gbé mì."

Mo máa ń sọ ọ́. Àmọ́ ìdajì rẹ̀ ni mo máa ń sọ, èyí tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Bí mo bá ti dé ibi tí mo bọ́ sínú bárò, mo máa ń gbé ife mi, màá ní ó tán. Ọdún kẹtàdínláàádọ́ta rèé tí mo ti ń sọ pé ó tán.

Kò tán. Ẹ̀yin òǹkàwé ni mo fẹ́ sọ èyí tó kù fún. Ẹ má ṣàánú mi, n kò wá àánú wá.

Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, mò ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ òkun akẹ́rù kan tó dàgbà jù mí lọ. Mò ń ha ìpẹtà, mò ń kun ọ̀dà, bí a bá sì gúnlẹ̀, mò ń ṣọ́ ẹnu àkàbà tí àwọn èèyàn ń gbà gòkè sọ̀kalẹ̀. Nílé wa, àwa mẹ́jọ la jọ ń pín ọjọ́ ìbí kan ṣoṣo, torí màmá wa ní òun kò lè máa se àsè lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lọ́dún. Nítorí náà, mo ti ṣèlérí fún ara mi pé ọdún mọ́kànlélógún mi, tèmi nìkan ni yóò jẹ́.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù ni ọjọ́ ìbí mi.

Ọ̀nà tí ọkọ̀ wa ń gbà ló wá bà á jẹ́. Ìlà kan wà lórí máàpù àwọn atukọ̀ tí ojú kì í rí lórí omi. Bí ọkọ̀ bá gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ìwọ̀-oòrùn, dandan ni kí ẹ fo ọjọ́ kan, kí ọjọ́ yín lè bá ti ìlú tí ẹ ń lọ mu. Bí ẹ bá sùn lọ́jọ́ kẹtàlá, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún lẹ máa jí. Kò sí idán níbẹ̀, ìṣirò ni.

Mo sùn lọ́jọ́ kẹtàlá. Nígbà tí mo dé yàrá ìjẹun láàárọ̀, Bósùn, ọ̀gá àwa tí à ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀, ti fi ẹfun kọ ọ́ sára pátákó: ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún.

"Ọ̀gá, ọjọ́ kẹrìnlá ńkọ́?"

"Kò sí."

"Kò sí báwo? Àná ńkọ́?"

"Àná ni ọjọ́ kẹtàlá."

"Ọ̀la àná ńkọ́?"

"Ọ̀la àná lòní. Ṣé o máa jẹun ni àbí o ò ní jẹun?"

"Ọ̀gá, òní ló yẹ kí n pé ọdún mọ́kànlélógún!"

"Lọ bá òkun ṣẹjọ́," ni Bósùn wí, ó sì bu ṣúgà sínú tíì rẹ̀.

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Alásè tó ti ṣèlérí àkàrà òyìnbó fún mi ní òun kò lè ṣe é fún ọjọ́ tí kò sí nínú ìwé. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti sọ mí ní Aláìlọ́jọ́. Inú bí mi. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín tẹ́ ẹ bá fẹ́, gbogbo ayé ló ń fi rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú bí mi débi pé mo ha ìpẹtà lọ́jọ́ yẹn títí ọwọ́ mi fi bó.

Ẹnìkan ṣoṣo ni kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Jẹ́jẹ́ là ń pè é, torí kì í sọ̀rọ̀ sókè, kì í sì í lè sọ pé rárá fún ẹnikẹ́ni. Yàrá kan náà la jọ ń sùn, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lábẹ́ tèmi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó na ọṣẹ tuntun kan sí mi, ó fi ìwé ìròyìn wé e.

"Ẹ̀mí ẹ á ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé," ló wí. "Bí wọ́n bá tiẹ̀ fo ọjọ́ náà, wọn ò lè fo ìwọ."

Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ló ní ìṣòro. Lẹ́tà ti bá a ní èbúté tí a ti kúrò pé egbò tó wà lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀ ti ń jẹrà. Dókítà fẹ́ gé ẹsẹ̀ náà. Káfíńtà ni bàbá, ọgbọ̀n ọdún ló ti fi dúró nídìí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní òun kò ní fọwọ́ sí i, òun kò sì ní kọ̀. Ohun tí àkọ́bí òun bá sọ ni kí wọ́n ṣe. Àwọn àbúrò bàbá mẹ́rin náà gbà bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn ti ẹnu òun jáde.

Jẹ́jẹ́ kò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó fi ìwé péńpé ránṣẹ́ kí a tó ṣí kúrò: ní Ọjọ́bọ̀ báyìí báyìí, tí a bá ti gúnlẹ̀, òun yóò pè sí ilé ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò wọn ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tiwọn, tó jẹ́ aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ níbi tí a ń lọ. Kí àbúrò òun obìnrin dúró dè é níbẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi wà lójú omi tó ń ro ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń yí lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ní Ọjọ́rú, nígbà tó ku ọ̀la kí a gúnlẹ̀, ó sọ fún mi pé òun ti mọ ohun tí òun máa sọ.

Lọ́jọ́ náà ni Bósùn lẹ orúkọ mọ́ ògiri. Ọjọ́ méjì la máa lò. Ìdajì wa á sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, ìdajì lọ́jọ́ kejì. Orúkọ Jẹ́jẹ́ wà lọ́jọ́ kìíní. Èmi, ẹnu àkàbà ni wọ́n fi mí sí.

Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kìíní ni gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi máa sọ̀kalẹ̀: alásè, Iná tó ń jó irin pọ̀, àti Òróró tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀ńjìnnì. Àwọn náà ti búra pé àwọn máa ṣe ọjọ́ ìbí mi fún mi lórí ilẹ̀. Mo sáré bá Bósùn.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi yí i padà."

"Mi ò yí nǹkan kan. Bó o bá rí ẹni tó máa bá ẹ pààrọ̀, ẹ lọ pààrọ̀."

Mo bẹ ẹni mẹ́fà. Ẹni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí mi kú oríire, wọ́n sì kọ̀. Ó wá ku ẹni tí kò lè sọ pé rárá.

N kò ní purọ́ fún yín. Mo mọ ohun tí ọjọ́ yẹn jẹ́ fún un. Mo mọ̀ ọ́n, mo ṣì lọ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Jẹ́jẹ́, ọ̀la yìí, jẹ́ kí n lọ dípò ẹ. Kí ìwọ lọ lọ́jọ́ kejì."

Ó wò mí. "Aláìlọ́jọ́, o ṣáà mọ̀ pé mo fẹ́ pe ilé."

"Mo mọ̀. Màá bá ẹ pè. Ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni? Fún mi ní nọ́ńbà."

"Ó wù mí kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́."

"Wọ́n ti gba ọjọ́ kan lọ́wọ́ mi, Jẹ́jẹ́! Ẹni tó bá pé mọ́kànlélógún lẹ́ẹ̀kan, ṣé ó tún lè pé e mọ́? Torí Ọlọ́run."

Mo rí i pé inú rẹ̀ kò dùn sí i. Mo sì rí i pé ó máa gbà.

Ó kọ nọ́ńbà náà sínú bébà, ó wá ní kí n tẹ́tí. "Sọ fún un pé kí wọ́n gé e. Sọ pé èmi ni mo ní kí wọ́n gé e. Àmọ́ má fi mọ síbẹ̀ o. Sọ fún un kó sọ fún bàbá pé mo fi ọjọ́ mọ́kànlá rò ó. Sọ pé ọwọ́ ni bàbá mi fi ń gbẹ́gi, kì í fẹsẹ̀ gbẹ́ ẹ. Màá wálé, màá gé tábìlì yẹn kúrú kó lè máa jókòó ṣiṣẹ́."

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ní kí n tún un sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo sọ ọ́ láì ṣe àṣìṣe.

Ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́ta kù díẹ̀, a jáde ní géètì èbúté. Ilé ọtí kan wà lẹ́yìn géètì náà gan-an, obìnrin kan tó wọ awò ojú ló ni ín. Bí alásè ṣe sọ fún un pé ọmọ yìí ló pé mọ́kànlélógún lọ́jọ́ tí kò sí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò náà. Ó gún àbẹ́là sí àárín búrẹ́dì, ó gbé e síwájú mi. Wọ́n kọrin. Iná da bíà sí mi lórí. Ẹ wò ó, inú mi dùn débi pé mo fẹ́ sunkún. Kò sẹ́ni tó tíì kọrin fún èmi nìkan rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Aago mẹ́rin ààbọ̀, mo dìde.

"Níbo?" ni Òróró bi mí.

"Mo fẹ́ lọ pe tẹlifóònù fún Jẹ́jẹ́. Ọ̀ràn bàbá ẹ̀ ni."

"Lọ kíá kó o padà wá. Orí ẹ ni ọtí tó kàn máa bọ́ sí."

Mo lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo lọ. Ilé tẹlifóònù kò jìnnà, àmọ́ nígbà tí mo dé ibẹ̀, èèyàn mẹ́rìnlá ló wà níwájú mi, àpótí tẹlifóònù méjì péré ló sì ń ṣiṣẹ́. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì ní kí n gba nọ́ńbà kí n jókòó. Mo jókòó. Ọkùnrin kan wà nínú àpótí kan tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà lórí ẹ̀rọ, kò jáde. Aago márùn-ún kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìlà kò tíì sún ju ẹni mẹ́ta lọ. Mò ń ka táìlì tó wà nílẹ̀ ibẹ̀, mò ń ka èyí tó wà níta.

Mo gbọ́ orin. Àwọn ọmọkùnrin náà ti wá wá mi. Wọ́n ti rí bárò kan níbì kan, Iná ló ń tì í, alásè dé agbọ̀n búrẹ́dì lórí bíi adé.

"Aláìlọ́jọ́! Ọkọ̀ ẹ ti dé o!"

"Ẹ dúró, mi ò tíì pè."

"Ìlà yìí ò ní tán lónìí," ni Òróró wí. "Jẹ́ ká yí àdúgbò yìí po lẹ́ẹ̀kan, kó o padà wá bá wọn níbi tí wọ́n wà."

Mo wo nọ́ńbà ọwọ́ mi. Mo wo bárò. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, mo bọ́ sínú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti máa ń ní ó tán.

A yí àdúgbò po lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ọlọ́pàá èbúté lé wa, a já bárò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé onígbàjámọ̀, a wọ ilé ọtí mìíràn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù sọ sí mi lọ́kàn, ife ló wà lọ́wọ́ mi. Mo sáré jáde. N kò lè sáré tọ́, ẹsẹ̀ mi ń lọ́. Ilẹ̀kùn irin ilé tẹlifóònù ti wà nílẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá a. Ọkùnrin kan tó ń gbálẹ̀ níwájú ilé kejì wò mí.

"Aago mẹ́fà ni wọ́n ń tì í," ló wí.

Mo bi í pé aago mélòó ló lù. Ó ní mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ní gbogbo ọ̀nà tí mo fi padà sí ọkọ̀, mò ń pète bí mo ṣe máa jẹ́wọ́. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Màá ní, Jẹ́jẹ́, mo ti bà á jẹ́, lọ sọ̀kalẹ̀ lọ́la láàárọ̀ kùtù kó o pè. Mo gun àkàbà. Jẹ́jẹ́ ló dúró lókè rẹ̀ pẹ̀lú fìlà iṣẹ́ mi lórí.

"Ṣé o pè é?"

"Mo pè é."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bíi pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́.

Ó dì mọ́ mi. Ara mi rùn fún bíà, ó sì dì mọ́ mi bẹ́ẹ̀. "O ṣe é. O ṣeun gan-an. Kí ló sọ?"

"Ó ní àwọn gbọ́."

Mo sọ fún ara mi pé kò burú. Jẹ́jẹ́ á sọ̀kalẹ̀ lọ́la. Màá jí, màá sọ òtítọ́ fún un kí ó tó jáde, ọjọ́ kan péré la pàdánù. Mo sùn lórí ìyẹn.

Ariwo ẹ̀ńjìnnì ló jí mi. Wọ́n ti parí ẹrù ṣáájú àkókò tí wọ́n dá, Kápténì sì ní kí a máa lọ. Kò sí ọjọ́ kejì. Mo jáde síta, omi ti wà láàárín àwa àti ilẹ̀, àwọn tí orúkọ wọn wà fún ọjọ́ kejì ń bú Kápténì, wọ́n ń bú ilé iṣẹ́. Jẹ́jẹ́ fọwọ́ lé ọgbà ọkọ̀, ó ń wo èbúté bó ṣe ń kéré sí i.

"Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ," ló sọ fún mi. "Ká ní mo ní kí n dúró di òní ńkọ́?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọjọ́ mẹ́wàá la lò lójú omi. N kò fẹ́ irú ọjọ́ mẹ́wàá bẹ́ẹ̀ fún ọ̀tá mi.

Lójoojúmọ́ ni Jẹ́jẹ́ ń béèrè. Kò fura rárá, ọ̀rọ̀ náà ni kò tán lẹ́nu rẹ̀.

"Báwo ni ohùn ẹ̀ ṣe rí? Ṣé ó ń sunkún?"

"Kò sunkún. Ó ṣe ọkàn gírí."

"Ṣé o sọ ti tábìlì fún un?"

"Mo sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín."

"Ó rẹ́rìn-ín! Mo mọ̀ pé ó máa rẹ́rìn-ín."

Irọ́ kan ń bí òmíràn. Mo ní àbúrò rẹ̀ sọ pé bàbá jẹun lọ́jọ́ náà. Mo ní ó sọ pé òjò rọ̀ níbẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi òjò ṣe? N kò mọ̀. Mo kàn rí i pé bí mo bá ti fún un ní nǹkan tuntun, ó máa sùn dáadáa.

Lọ́jọ́ kẹta, mo lọ bá ọ̀gá rédíò, ẹni tó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ láti orí ọkọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí ilé Jẹ́jẹ́?"

"Kí ló dé tí Jẹ́jẹ́ ò wá fúnra ẹ̀?"

"Mo fẹ́ ṣe é fún un ni."

"Kápténì ló ń fọwọ́ sí i. Á bi ẹ́ ní ìdí. Kí ni ìdí ẹ?"

Mo dúró níbẹ̀ bí igi. Mo lè sọ ọ́ nígbà yẹn. Bóyá dókítà ṣì ń dúró, bóyá ẹsẹ̀ náà ṣì wà, bóyá ọ̀rọ̀ ṣì lè bá wọn. Mo ní kò sí ìṣòro, màá padà wá. N kò padà lọ. Bí mo bá ń ṣépè fún ara mi títí di òní, ìdúró yẹn ni mò ń rántí.

Ní èbúté tó kàn, aṣojú ilé iṣẹ́ gbé àpò lẹ́tà wá. Ọ̀sán ni, à ń jẹun. Jẹ́jẹ́ gba lẹ́tà rẹ̀, ó gbé e lọ sí yàrá. Ìgbà tó padà wọlé, kò jókòó. Ó dúró ní òdìkejì tábìlì mi.

"Aláìlọ́jọ́, aago mélòó lo pe ilé wa?"

"Aago márùn-ún. Mo ti sọ fún ẹ."

"Ta ló gbé e?"

"Àbúrò ẹ."

"Kí ló sọ?"

"Jẹ́ kó jẹun jàre," ni Bósùn wí.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kó dáhùn." Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́."

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Bóyá mo tiẹ̀ mọ̀. Àmọ́ ẹnu mi ti mọ ọ̀nà náà, ó sì ń gbà á lọ. Mo ní ó kí i. Mo ní ó rẹ́rìn-ín. Mo tún fi èyí tí n kò sọ rí kún un, mo ní ó gbàdúrà fún mi torí ọjọ́ ìbí mi.

Jẹ́jẹ́ tẹ́ lẹ́tà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo mi.

"Bá mi kà á. Kà á sókè kí wọ́n gbọ́."

Mo kà á. N kò gbàgbé ìlà kankan nínú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo dúró. Láti ìgbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn títí wọ́n fi tì í ni mo fi dúró. Akọ̀wé ní kí n máa lọ sílé, mo ní ẹ̀gbọ́n mi kì í yẹ àdéhùn. Dókítà ti ní bí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn bá ṣú, ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹsẹ̀. Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, gbogbo wọn kọjú sí mi pé kí lẹ sọ. Mo ní ẹ pè. Mo ní ẹ ní kí wọ́n gé e. Èmi ni mo sọ ọ́. Wọ́n gé e. Bàbá jí, wọ́n béèrè ta ló pàṣẹ kí wọ́n gé òun, mo ní ẹ̀yin ni. Láti ọjọ́ náà, wọn ò dárúkọ yín mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ òtítọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ohun tí ẹ̀ bá sọ ni mo sọ. Ẹ má kọ̀wé sí mi. Ẹ fi mí sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo nílò yín jù, mi ò ní ẹ̀gbọ́n mọ́."

Alásè gbójú sílẹ̀. Mo wá nǹkan tí mo lè dì mú.

"Bóyá... bóyá ọjọ́ ló yí. Ìlà yẹn. Bóyá Ọjọ́bọ̀ tiwa kọ́ ni Ọjọ́bọ̀ tiwọn."

"A fo ọjọ́ kan kí ọjọ́ wa lè bára mu ni," ni Bósùn wí. "Pa ẹnu ẹ mọ́."

Jẹ́jẹ́ wò mí. "Ìlà gbé ọjọ́ ìbí ẹ mì. Ó tún gbé Ọjọ́bọ̀ bàbá mi mì?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò lò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo wọn. Mo retí kí ó gbá mi létí, ó wù mí kí ó gbá mi. Kò fọwọ́ kàn mí. Ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní yàrá wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Lẹ́tà mẹ́ta ló kọ sí àbúrò rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló padà wá bó ṣe lẹ̀ wọ́n pa. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé ni mo lọ bá a, mo ní èmi máa kọ tèmi, màá ṣàlàyé.

"Má kọ ọ́," ló wí. "Ojú kì í ti ìwé. Lọ síbẹ̀. Ẹnu tó o fi purọ́ ni kó o fi sọ ọ́ níwájú ẹ̀."

Oṣù méje kọjá kí àdéhùn iṣẹ́ mi tó parí. Jẹ́jẹ́ ní tiẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé pé òun á tún ṣe ọdún kan sí i, torí kò mọ ilé tí òun máa padà sí. Èmi lọ.

Àbúrò rẹ̀ ń ránṣọ ní yàrá iwájú. Bàbá wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó sórí àpótí, ó ń fá pákó kan tó gbé lé orókùn tó kù. Fèrèsé ló wà láàárín wọn. Nígbà tí mo ní ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí, ojú rẹ̀ le, àmọ́ ó fún mi ní àga.

"Ẹ jókòó. Tó bá jẹ́ pé wọ́n rán yín sí mi, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu."

"Wọ́n rán mi," ni mo wí. "Oṣù kẹjọ rèé tí wọ́n ti rán mi. Èmi ni mi ò jẹ́ ẹ."

Mo sọ ọ́. Mo sọ ti àbẹ́là, mo sọ ti ìlà èèyàn mẹ́rìnlá, mo sọ ti bárò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tí mo fi máa parí, kò pè mí ní "ẹ" mọ́.

"Kí ló ní kí o sọ fún mi?"

"Ó ní kí wọ́n gé e."

"Tún un sọ."

"Ó ní kí wọ́n gé e. Ó ní ọjọ́ mọ́kànlá ni òun fi rò ó. Ó ní ọwọ́ ni bàbá fi ń gbẹ́gi, pé òun á wá gé tábìlì náà kúrú fún wọn."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi aṣọ tó ń rán bojú. "Oṣù mẹ́jọ," ló ń sọ. "Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń rò pé ká ní ó pè, á ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Mo rò pé mo gé bàbá mi lẹ́sẹ̀ lásán."

Ìgbà yẹn la tó rí i pé ohùn pákó ti dákẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Bàbá ti fi ọ̀pá rìn dé ojú fèrèsé.

"Ìwọ lo sọ ọ́?" ni wọ́n bi ọmọ wọn.

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ má bínú."

"Àwọn àbúrò mi mẹ́rin, gbogbo wọn ló nírùngbọ̀n, wọn ò lè la ẹnu. Ọmọ ogún ọdún ló là á." Wọ́n wá kọjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́, ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́ lọ́jọ́ yẹn?"

Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mọ́kànlélógún ni, Bàbá."

"O ò tíì pé e," ni wọ́n wí. Wọ́n padà sídìí pákó wọn.

Ọmọbìnrin náà dìde, ó nujú. Ó mú bébà àti gègé jáde látinú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó jókòó, ó sì ń kọ̀wé. N kò mọ̀ bóyá kí n dúró tàbí kí n lọ. Ó kọ ojú ewé méjì, ó pa á pọ̀, ó fi í sínú àpò ìwé. Mo sọ fún un pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá padà sí èbúté tí ọkọ̀ Jẹ́jẹ́ máa dé, pé ó yá ju kí ó fi ránṣẹ́ lọ, kí ó jẹ́ kí n mú un lọ fún un.

Mo ti na ọwọ́ mi.

Ó wo ọwọ́ náà. Ó gbé lẹ́tà rẹ̀ sí ọwọ́ rẹ̀ kejì, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá jáde sí òpópónà, ó sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ìwé ránṣẹ́ fúnra rẹ̀.